Ojú Tó Wà Lábẹ́ Ojú Karáúsíù

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ fún bàbá Láńre, Láńre kò sì tíì sunkún. Kì í ṣe pé ó ń mọ́kàn le. Ẹkún náà ni kò wá. Ó ń jí, ó ń lọ síbi iṣẹ́ ní èbúté Lẹ́kkí, ó ń yẹ ìwé àwọn kọ̀ntínà wò, ó ń padà sí yàrá tó háyà ní Awóyáyá, ó ń sùn. Gbogbo ara rẹ̀ rí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yọ eyín rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ṣì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: owó idẹ kan tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀.

Bàbá rẹ̀ yìí, Bàbá Akínọ̀ṣọ́, tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní ìtàn, ló rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń kó ẹrù padà sílùú rẹ̀. Karáúsíù ló ṣe owó náà jáde. Ọ̀gá àwọn ọkọ̀ ojú omi Róòmù ayé àtijọ́ ni, tí wọ́n ní kó lọ kápá àwọn olè orí òkun, tí wọ́n tún wá ní òun náà ń jẹ nínú ẹrù olè. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ pa òun, ó gba ilẹ̀ Bìrìtéènì, ó sọ ara rẹ̀ di olú ọba. Ẹni tó já oyè gbà kì í ní sùúrù. Nígbà mìíràn, owó àwọn ọba tó ti kọjá ló ń kó jọ, tó ń tẹ àwòrán orí tirẹ̀ lé wọn lórí.

Bí èèyàn bá gbé owó Bàbá Akínọ̀ṣọ́ dání lójú fèrèsé, yóò rí imú ẹlòmíràn lẹ́yìn etí Karáúsíù, àti ìdajì lẹ́tà mẹ́ta. Bàbá ní Fikitorínù ni, ọ̀kan nínú àwọn ọba tó ṣáájú Karáúsíù. Láńre ní Tẹ́tíríkù ni, òmíràn nínú wọn. Ọdún méjì ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá á pè é lórí fóònù láàárọ̀, kò ní kí i, á kàn ní, "Tẹ́tíríkù, ṣé o ti ronú pìwà dà?"

Lẹ́yìn ìsìnkú, Láńre kọ̀wé sí obìnrin kan lókè òkun tó mọ̀ nípa irú owó bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà ní kó ya àwòrán rẹ̀, kó jẹ́ kí iná tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́, òun á sọ ọba tó wà lábẹ́ Karáúsíù. Láńre yá kámẹ́rà. Nígbà tó di Sátidé, ó lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Thomas Estate.

Àjíkẹ́, ìyá rẹ̀, ló ń tọ́jú ohun èlò idẹ inú ìjọ aláṣọ funfun wọn, agogo àti àwọn ọ̀pá fìtílà. Kò sí idẹ tó ń dé orí pẹpẹ tí kì í kọ́kọ́ fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó. Ẹ̀yìnkùlé ló bá a, àkísà lórí itan rẹ̀. Láńre béèrè owó Bàbá. Ìyá rẹ̀ nà án sí i.

Ó ń dán bí òrùka ìgbéyàwó. Dúdú àti àwọ̀ ewé tó bò ó láti ayébáyé ti lọ. Imú lọ, lẹ́tà lọ. Karáúsíù alára ti di ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti irùngbọ̀n lásán.

"Iwájú fọ́tò rẹ̀ ni mo fẹ́ gbé e sí lọ́jọ́ àdúrà," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ohun tó fẹ́ràn jù nìyẹn, mi ò lè gbé e dé iwájú Olúwa tòun tìdọ̀tí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rẹ ẹ́ sínú ọsàn."

Láńre yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ń retí kí inú bí òun. Inú náà kò bí i.

"Àbí kò dáa ni?"

"Ó dáa, Màámi."

"Bàbá rẹ ní ẹnì kan wà lábẹ́ ọkùnrin yìí. Mo ń wá a bí mo ṣe ń bó o. Mi ò rí ẹnì kankan."

Láńre jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó kọ̀wé sí obìnrin òkè òkun náà lórí fóònù pé wọ́n ti fọ owó náà, kò sí ohun tó kù láti yà. Ó dúpẹ́, ó fi ránṣẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ń ké nílé kejì.

"Ta ló wá borí," ni ìyá rẹ̀ béèrè, "nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Láńre kò mọ̀. Kò sì sẹ́ni tó tún lè mọ̀ mọ́.

"Bàámi ni," ó dáhùn. "Fikitorínù ni."

Ìyá rẹ̀ mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní Bàbá ìbá ti yọ Láńre lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ náà títí ọdún á fi parí. Ó wá na ọ̀pá fìtílà kan sí i pẹ̀lú àkísà, ó ní kó bá òun nù ún. Láńre gbà á, ó ń nù ún.