Àmì Orí Má

Ọmọ ọmọ mi, Tẹniọlá, ló ní kí n wá wo fíìmù. Fíìmù àwọn ará Kòríà ni. Òun ló kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ń kọjá nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi. Èmi náà ò bèèrè.

Gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn òpópónà Rye Lane, nílùú òyìnbó tí à ń gbé, ni wọ́n ti fi í hàn, lọ́sàn-án Sátidé. Àwọn ará wa kún ibẹ̀. Yaqub, aládùúgbò mi, wá jókòó tì mí.

"Bàbá Kóyọ̀dé, ẹ gbé kóòtù yín. Àbí òun náà fẹ́ wo fíìmù?"

Bàbá Abọ́sẹ̀dé ló máa ń pè mí tẹ́lẹ̀. Abọ́sẹ̀dé ni àkọ́bí mi, ìyá Tẹniọlá. Ọkùnrin kan pa á nígbà tí Tẹniọlá ṣì ń rákòò. Kì í ṣe òun nìkan ni ọkùnrin náà pa. Láti ìgbà tí a ti sin ín ni gbogbo ènìyàn ti ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ pè mí. Wọ́n ní àánú ni. Mi ò bẹ̀ wọ́n.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan ń pa obìnrin kiri. A rí ilé rẹ̀. A rí ìyá rẹ̀. A rí bó ṣe ń se ọbẹ̀, bó ṣe ń fún ológbò rẹ̀ lóúnjẹ. A gbọ́ orúkọ rẹ̀ títí orúkọ náà fi sú mi. Àwọn obìnrin tó pa ò lórúkọ. Ọlọ́pàá ní òkú kìíní, òkú kejì, òkú kẹta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìròyìn ṣe fún ọmọ mi. Ẹni kẹta ni wọ́n pè é. Àwòrán ẹni tó pa á ló gba gbogbo ojú ìwé.

Mo fẹ́ dìde. Tẹniọlá jókòó níwájú, ó ń bojú wẹ̀yìn wò mí. Mo jókòó.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, bàbá òkú kẹta àti ọkọ ọmọ náà rí apànìyàn yìí mú. Wọ́n dè é mọ́ òpó nínú ahéré. Yìnyín ń bọ́ níta. Ọkọ gbé òòlù sókè. Bàbá la ẹnu sọ̀rọ̀. Yorùbá rẹ̀ yọ nísàlẹ̀, láìsí àmì kankan:

Ma pa a.

Ó gba òòlù lọ́wọ́ ọkọ ọmọ rẹ̀. Gbọ̀ngàn hó yèè.

"Ó ní òun fúnra òun ni!" Yaqub ti dìde dúró. "Bàbá gidi! Ẹ fọ́ ọ lórí, sà!"

Mo gbọ́ ohùn kan tó bo ti Yaqub mọ́lẹ̀. "Pa á!" Ohùn mi ni.

Bàbá yẹn ṣí ilẹ̀kùn. Ó ju òòlù sínú yìnyín. Ó pe ọlọ́pàá.

Inú bí gbogbo ilé. "Ẹni tó ní òun máa pa á!" "Òpùrọ́!" Ẹnì kan da gúgúrú rẹ̀ sílẹ̀.

"Ojo ni bàbá yìí," Yaqub wí.

Mo jáde.

Tẹniọlá bá mi níta. "Grandpa, kí ló ń bí wọn nínú?"

"Kí ni bàbá yẹn sọ?"

"Ó ní kó má pa á."

"Ìyẹn kọ́ lo kọ."

"Òun ni mo kọ. Ma pa a."

"Màá pa á la kà. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń kọ ọ́ lórí fóònù. Ma wa. Ma pe yin."

Ó pe 'má' àti 'màá'. Ọ̀kan náà ni lẹ́nu rẹ̀. Ìlú òyìnbó yìí la bí i sí. "Same thing, Grandpa."

"Kì í ṣe same thing! Ọ̀kan gba ẹ̀mí, ọ̀kan dá a sí." Mo ti ń pariwo. "Kí ló dé tó fi ní kó má pa á? Ṣé òkúta ló wà láyà rẹ̀ ni?"

"Ọmọ kékeré wà nílé. Tí ọkọ yẹn bá pa á, wọ́n á ti òun náà mọ́lé." Ó wolẹ̀. "Uncle Kóyọ̀dé ti sọ ọ̀rọ̀ Deptford fún mi."

Ọ̀rọ̀ Deptford. Àwòrán ọkùnrin tó pa Abọ́sẹ̀dé ti wà lórí tẹlifísàn, ọlọ́pàá ò tíì rí i mú. Èmi àti Kóyọ̀dé bá a pàdé nínú ọjà Deptford. Kóyọ̀dé fi ọwọ́ méjèèjì dì í lọ́rùn, ó tì í mọ́ ògiri. Ojú ọkùnrin náà ti ń yí. Kóyọ̀dé wò mí, ó ń dúró de ẹnu mi. Mo pọn Tẹniọlá sẹ́yìn. Mo ní, "Má pa á." Ó tú ọwọ́.

Ọkùnrin yẹn wà láàyè lẹ́wọ̀n. Ó ń jẹun. Ó ní tẹlifísàn tirẹ̀. Ẹnì kan ti kọ ìwé nípa ìgbà èwe rẹ̀. Kò sí òwúrọ̀ tí inú kì í bí mi.

"Mo gbọ́ ohùn yín nínú gbọ̀ngàn," Tẹniọlá wí. "Ẹ ní pa á. Ṣé ẹ kábàámọ̀ ni? Nítorí tèmi?"

Mo yíjú sí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn.

"Wọ́n tún máa fi í hàn lọ́la," ó wí. "Kí ni kí n kọ?"

"Gbé kọ̀ǹpútà rẹ jáde."

A jókòó sórí àga gbọọrọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo fi ìka hàn án. "Àmì òkè lórí má. Àmì òkè lórí a tó kẹ́yìn." Ó tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe wí.

"Níbi tí bàbá yẹn ti ń ké nínú yàrá òkú, o kọ 'ọmọ mi'. Kí ló pè ní tòótọ́?"

"Orúkọ ọmọ yẹn ni. Súyọ̀n. Mo rò pé kò ní yé àwọn èèyàn."

"Kọ orúkọ ọmọ."

Ó kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Yaqub tún wà níbẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n, Bàbá Kóyọ̀dé! Ẹ tún wá wo ojo yẹn?"

"Bàbá Abọ́sẹ̀dé," mo wí.

Ó gbé kóòtù mi, ó sì jókòó jẹ́ẹ́.

Nígbà tí ọkọ gbé òòlù sókè, ọ̀rọ̀ náà yọ pẹ̀lú àmì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó hó. Inú ń bí mi gẹ́gẹ́ bí ti àná. Tẹniọlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo kà á sókè, kó lè gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

"Má pa á."