Ohun Tí Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Rí

Ẹ̀gbọ́n olóògbé ń to àwọn fọ́tò náà sórí tábìlì bí ẹni ń pín káàdì. Opó àbúrò rẹ̀ ló wà nínú gbogbo wọn: ó ń kanlẹ̀kùn ilé kan, ọkùnrin kan tórí rẹ̀ ti funfun ṣílẹ̀kùn fún un, ó wọlé, ilẹ̀kùn padé.

"O káre," ló wí.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ti bá ilé-iṣẹ́ ṣọ́ olè abẹ́lé rí, ó ti bá ìyá wá ọmọ tó sá nílé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí kò dùn mọ́ ọn. Ó bẹ ẹ̀gbọ́n olóògbé pé kó ka ìwé tóun so mọ́ fọ́tò. Ó ti díbọ́n bí ẹni tó ń wá yàrá, ó sì dé inú ilé náà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni baba yẹn; ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó ń ránṣọ. Opó náà tẹrí sórí ìwé ABD, ó ń fìka tọ lẹ́tà. Látọjọ́ tí ẹbí ọkọ ti gbé ìwé ilé wá pé kó tẹ̀ka sí, ló ti pinnu pé òun ò ní tẹ̀ka sóhun tóun ò lè kà.

Ẹ̀gbọ́n olóògbé kà á tán, ó yọ ọ́ kúrò lára fọ́tò, ó ká a sápò.

"Fọ́tò ni mo bẹ̀ ọ́ sí. Iṣẹ́ rẹ parí síbẹ̀."

Nígbà tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ròyìn fún ìyàwó rẹ̀ nílé, ohun tíyẹn bi í kò ju pé ta ló ya fọ́tò.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó lọ sípàdé ẹbí náà láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Fọ́tò ti ń tọwọ́ dọ́wọ́, àwọn àgbà ń mirí. Ó ní òun lòun yà wọ́n, pé ìwé kíkà ni obìnrin náà ń lọ kọ́. Ẹ̀gbọ́n olóògbé bi í bóyá irọ́ wà nínú fọ́tò.

"Kò sírọ́ níbẹ̀ sà, àmọ́—"

"Ó tó bẹ́ẹ̀."

Wọ́n na ìwé tuntun kan tí ẹbí kọ sí opó náà pé kó tẹ̀ka. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó gbé ìwé súnmọ́ ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, díẹ̀díẹ̀. Ó ka orúkọ ọkọ rẹ̀. Nígbà tó dórí ọ̀rọ̀ kan, ó dúró. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò bọ́ sí i lẹ́nu. Ó wojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ló bá na ìwé sí ọkùnrin tó ya fọ́tò.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni wọ́n kọ síbí?"

Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ibi tó fìka sí.

"Àgbèrè ni, mà."

"Àgbèrè," ló tún pè, jẹ́jẹ́, ó fìka sílà tó kàn, ó sì kà á dé ibi tí wọ́n ti ní kó kúrò nílé kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ẹ̀gbọ́n olóògbé gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó má wulẹ̀ tẹ̀ka mọ́, ẹbí ti fẹnu kò.