Sinimá Tí Ìyá Ràsáàkì Parí

Lọ́dún tí òjò tètè dá, tí wọ́n ti kó iṣu wọlé kí Iléyá tó dé, Olúsọjí gbé sinimá wá sí Ṣakí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìbàdàn ni. Ó gba gbọ̀ngàn ìlú fún ọjọ́ mẹ́rin, ó fi ẹní bo gbogbo fèrèsé kí oòrùn ọ̀sán má bàa wọlé, ó ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, ó sì gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé.

Nínú agboolé Ìyá Ràsáàkì, àwọn ìyàwó ilé méjèèjì ló kọ́kọ́ múra. Àwáwù, ìyàwó Ràsáàkì, télọ̀ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ́rẹ́ tó fi ń ránṣọ. Sàfúrátù ni ìyàwó àbúrò Ràsáàkì. Òun kì í pẹ́ sunkún, kì í sì í pẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ wọn ìbá bá wọn lọ, ṣùgbọ́n orúnkún ti ń dà á láàmú láti ọyẹ́ èṣí.

"Ẹ máa lọ," ó wí. "Bí ẹ bá dé, ẹ ó rò ó fún mi."

Sinimá Íńdíà ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn. Ó ti gbó débi pé ńṣe ni ilà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ń sọ̀kalẹ̀ lójú rẹ̀ bí òjò. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè wọn nínú gbọ̀ngàn náà. Nígbà tó sì kù díẹ̀ kó parí, epo jẹnẹrétọ̀ tán, gbogbo èèyàn bá túká. Sàfúrátù ti ń nu ojú kó tó délé.

"Ìyá, obìnrin kan wà tó wọ aṣọ funfun, ọmọ rẹ̀ ló sọnù. Ọmọ náà ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì mọ̀ pé ìyá òun ni. Ìgbà tó yá, wọ́n tì í sódò. Ibẹ̀ ni iná kú sí."

"Irọ́ ni," Àwáwù dáhùn nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni obìnrin yẹn. Ṣé ìyá ọmọ ló kéré tó bẹ́ẹ̀? Ọkùnrin onírunmú yẹn fẹ́ fẹ́ ẹ, ó kọ̀, ìyẹn ló fi ń ṣe àbúrò rẹ̀ níkà."

"Ìyáálé mi, ṣebí ẹ̀yin náà rí i bó ṣe gbá a mọ́ra bí ìyá."

"Ṣé ẹ̀gbọ́n kì í gbá àbúrò mọ́ra ni?"

Ìyá ń wojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín sì ń pa á. "Ẹ tún un sọ," ó wí. "Kí Sàfúrátù kọ́kọ́ sọ tiẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ti Ṣáínà ni. Sàfúrátù sùn lọ níbẹ̀. Ràsáàkì tó ti oko dé lórí alùpùpù, tí kò tilẹ̀ fọ ẹsẹ̀ kó tó lọ wò ó, ni gbogbo rẹ̀ wọ̀ lára. Ó fẹ́ fi han ìyá rẹ̀ bí ọkùnrin kan ṣe fi ìpá kan gbé èèyàn mẹ́ta ṣubú. Ó fò sókè, ó balẹ̀ sínú eèpo gbáàgúdá tí wọ́n kó jọ fún ewúrẹ́, ìdí ṣòkòtò rẹ̀ sì fàya.

"Àwọn wo ló ń jà báyìí láìkí ara wọn?" Ìyá béèrè.

"Wọ́n kí ara wọn, Ìyá. Wọ́n tẹríba fún ara wọn kí wọ́n tó jà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ti ọjọ́ kẹta ni sinimá Yorùbá, tuntun ni. Èèyàn wá láti Àgọ́-Àrẹ pàápàá, gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí baálé inú sinimá náà kí àlejò rẹ̀ pé ẹ káàbọ̀, àwọn mìíràn jẹ́ ẹ lóhùn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ilé, wọ́n rò ó fún Ìyá: orogún tó ń jowú, oògùn inú ọbẹ̀, bí àṣírí ṣe tú. Ìyá gbọ́ ọ dópin.

"Ó dára," ó wí. "Àmọ́ gbogbo yín sọ nǹkan kan náà. Ti Íńdíà yẹn ni mo fẹ́ fojú ara mi rí. Mo fẹ́ mọ̀ bí ọmọ náà bá jáde nínú odò."

Ràsáàkì wá Olúsọjí lọ láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin. Sinimá àwọn ẹlẹ́ṣin oníbọn ni Olúsọjí ti pinnu láti fi hàn.

"Ti Íńdíà yẹn ti gbó jù, ẹ̀gbọ́n," ó wí. "Fọ́nrán rẹ̀ lè já."

"Bó bá já, so ó. Ìyá mi ò tíì wo sinimá rí."

Ìyá wọ aṣọ tó rà sílẹ̀ de Iléyá. Ó fẹ̀gbẹ́ jókòó lẹ́yìn Ràsáàkì lórí alùpùpù, wọ́n rọra lọ, wọ́n sì fún un ní bẹ́ǹṣì iwájú. Nígbà tí ojú obìnrin aláṣọ funfun yọ lára ògiri, tó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ, ó di ọwọ́ Àwáwù tó jókòó tì í mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí onírunmú fi ti ọmọ náà sódò. Ibẹ̀ gan-an ni sinimá já.

Olúsọjí tanná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so ó. Ariwo sọ. Ọdẹ́bùnmi ọdẹ, tí kò wá lọ́jọ́ kìn-ín-ní, tẹ̀ síwájú láti bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn.

"Ìyá, kí ni obìnrin yẹn jẹ́ sí ọmọ náà ná?"

"Ìyá rẹ̀ ni," Ìyá dáhùn láìwẹ̀yìn. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ni lójú ayé. Ọmọdé ṣì ni nígbà tó bí i, ojú ń ti àwọn òbí rẹ̀, wọ́n bá ní àbúrò rẹ̀ ni."

Sàfúrátù wo Àwáwù. Àwáwù wo Sàfúrátù.

"Ọmọ náà wá ńkọ́?" ẹnì kan béèrè.

"Ó ti bómi lọ." Ìyá mi orí. "Apẹja ni yóò gbé òkú rẹ̀ wálé. Obìnrin náà yóò wá jẹ́wọ́ lójú gbogbo ayé pé ọmọ òun ni, onírunmú yóò sì sá kúrò nílùú."

Àwọn obìnrin ń nu ojú, Ọdẹ́bùnmi náà ń họ imú. Olúsọjí fúnra rẹ̀ ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ó ń gbọ́. Nígbà tó so ó tán tó paná, omi odò tún yọ lára ògiri. Orí ọmọ náà yọ láàárín rẹ̀. Ó lúwẹ̀ẹ́ dé etí odò, ó dìde, ó sì bú sórin.

Ìdajì èèyàn kígbe ayọ̀, ìdajì yíjú sí Ìyá, wọ́n fẹ́ mọ ohun tí yóò wí. Òun ló ń pàtẹ́wọ́ jù.

"Mo ti fẹnu ara mi pa á," ó ń wí, omijé ẹ̀rín ń dà lójú rẹ̀. "Ọlọ́run ò gbà fún mi."

Títí ó fi parí, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ìyá ni obìnrin náà tàbí ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ohun tí Ìyá sọ ni gbogbo Ṣakí gbà.

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé nírọ̀lẹ́, ó fọwọ́ kan Ràsáàkì léjìká.

"Màlúù tí wọ́n so mọ́ ìdí igi létí odò yẹn, ta ló padà tú u?"

"Ìyá, èmi ò rí màlúù kankan."

"Ó wà níbẹ̀. Ó funfun. Nígbà tí gbogbo wọn ń jó, kò sẹ́ni tó fún un lómi."