Mi Ò Ṣe Sódíọ̀mù Mọ́

Ọmọbìnrin kan ti so okùn àkọ́kọ́ mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀, ó sì ń fi eyín fa kókó okùn kejì, kí tíṣà tó yíjú kúrò lára pátákó.

"Sódíọ̀mù, kí lò ń ṣe yẹn?"

Kò dáhùn títí kókó náà fi le. Ó tu òwú tó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Mi ò ṣe sódíọ̀mù mọ́, sà."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ti ti gbogbo àga yàrá sáyẹ́ǹsì mọ́ ògiri, wọ́n dúró káàkiri ilẹ̀, káàdì sì wà láyà oníkálukú. Na, àmì sódíọ̀mù, ló wà láyà tirẹ̀. Ìfihàn ni wọ́n ń múra sílẹ̀ fún. Lọ́la, àwọn òbí máa jókòó sí àgbàlá ilé-ìwé, kíláàsì kọ̀ọ̀kan á sì fi ohun tó ti kọ́ hàn.

Ọwọ́ ni tíṣà yìí fi ń kọ́ wọn. Bí èròjà méjì bá fẹ́ dara pọ̀, mẹ́táàlì a máa fúnni ní ẹlẹ́kítírọ́nì, ìkejì rẹ̀ a máa gbà á. Iye tí mẹ́táàlì bá lè fúnni, iye ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Sódíọ̀mù ní ọwọ́ kan, magnẹ́síọ̀mù ní méjì, alumíníọ̀mù ní mẹ́ta. Klórínì ní ọwọ́ kan tó fi ń gbà, ọ́síjìn ní méjì. Ẹni tó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ kan á ki ọwọ́ rẹ̀ kejì bọ àpò. Ẹni tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù á so okùn mọ́ ìdí, okùn náà ni ọwọ́ rẹ̀ kẹta. Wọ́n á wá di ara wọn mú. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ọwọ́ kankan kò gbọdọ̀ ṣòfo. Bí ọwọ́ kan bá ṣòfo, gbogbo kíláàsì á pariwo, "Ó kù!" Ẹlòmíràn á sáré bọ́ síbẹ̀, títí kò fi ní kù mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ka orí. Magnẹ́síọ̀mù kan, klórínì méjì: MgCl₂. Tó bá kan orúkọ, mẹ́táàlì ló ń ṣáájú, orúkọ rẹ̀ kì í yí. Ìkejì rẹ̀ ni ìdí orúkọ rẹ̀ ń yí: klórínì á di klóráìdì, ọ́síjìn á di ọ́sáìdì.

Ó jọ eré ọmọdé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ṣì í kọ ní kíláàsì náà.

Apá òsì ọmọbìnrin yìí dé ìgúnpá, ó sì parí síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Lọ́jọ́ tí eré náà bẹ̀rẹ̀, tíṣà wò ó, ó gbójú kúrò, ó sì fún un ní sódíọ̀mù. Ó rò pé òun ṣe é lóore. Láti ìgbà náà kò jẹ́ nǹkan mìíràn. Àwọn yòókù ń pààrọ̀ káàdì, tirẹ̀ kì í kúrò láyà. Orúkọ náà sì rìn. Ó kúrò ní kíláàsì, ó dé ìdí ẹ̀rọ omi, ó dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́nu géètì. Àwọn tí kò mọ ohunkóhun nípa sáyẹ́ǹsì ń pè é ní Sódíọ̀mù. Bó bá tún gbé káàdì yẹn jáde lọ́la lójú gbogbo òbí, orúkọ náà á bá a délé, á bá a délé ọkọ, á bá a darúgbó. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?" tíṣà bi í.

"Irin, sà."

Ọmọkùnrin gíga kan tó jẹ́ olórí wọn, Ọ̀gá Kíláàsì ni wọ́n ń pè é, òun ló máa ń ṣe alumíníọ̀mù. Ó fọwọ́ lu okùn ìdí rẹ̀.

"Irin kẹ̀? Ìwọ tí ọwọ́ ò pé. Irin ń lo mẹ́ta nígbà mìíràn o."

"Mo mọ̀."

"Níbo lo ti fẹ́ rí i? Ṣé wàá yá a ni?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ńkọ́?" ni ọmọbìnrin náà wí. "Ọwọ́ mélòó nìwọ ní?"

"Méjì."

"Alumíníọ̀mù ń lo mélòó?"

Ọ̀gá Kíláàsì wo okùn ìdí rẹ̀.

"Mẹ́ta ló ń lò. O fi okùn dí ọ̀kan. Èmi á fi okùn dí méjì. Kí ni okùn tèmi ṣe tí okùn tìẹ ò ṣe? Ẹni tó bá ní ọwọ́ mẹ́ta nínú gbogbo yín, kó bọ́ síwájú kí n rí i."

Kò sẹ́ni tó bọ́ síwájú. Ẹnì kan lẹ́yìn rọra wo ọwọ́ ara rẹ̀, bí ẹni pé kò dá a lójú.

Tíṣà ń fi ṣọ́ọ̀kì lu àtẹ́lẹwọ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú. "Ọ̀rọ̀ ẹ nítumọ̀," ó wí. "Ṣùgbọ́n ètò ti parí. Ọ̀gá ilé-ìwé á jókòó síwájú. Okùn lè tú. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín."

"Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, sà."

"Iyọ̀, sódíọ̀mù pẹ̀lú klórínì, la fi máa bẹ̀rẹ̀, ìwọ sì ni sódíọ̀mù. Mo ti sọ̀rọ̀ tán."

Ó tú okùn náà. Kò sọ pé òun ti gbọ́.

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní yàrá iwájú. Aránṣọ ni. Aṣọ aláṣọ ló kún orí àga nínú ilé náà. Èèyàn gbọ́dọ̀ ṣí nǹkan nípò kó tó rí ibi fìdí lé.

"Ta ló bí ẹ nínú?" ìyá rẹ̀ bi í, kò gbójú sókè.

"Tíṣà ni."

"Ó nà ẹ́ ni?"

"Rárá. Ó ń ṣàánú mi."

Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. "Ìyẹn ń dunni ju ẹgba lọ," ó wí. "Jókòó. Má jókòó lé aṣọ funfun yẹn."

Ó jókòó, ó sì rò ó fún un. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ tán.

"Kí ló dé tó jẹ́ irin? Ṣé kò sí òmíràn ni?"

"Ẹ gbọ́, Mọ́mì. Àwọn yòókù, èèyàn ti mọ iye ọwọ́ wọn kó tó bi wọ́n. Sódíọ̀mù, kan. Títí ayé. Kò sẹ́ni tó ń bi í. Irin ò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn ó ń lo méjì, nígbà mìíràn ó ń lo mẹ́ta. Ẹ ò lè wò ó lójú lásán kẹ́ ẹ mọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ bi í ni. Èyí tó bá sọ, òun ni wọ́n máa kọ mọ́ orúkọ ẹ̀."

"Irin gbọ́n o," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ó gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó fà á wò, ó sì jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ àkísà. "Okùn kọ́ lèyí. Okùn ń tú." Ó fa aṣọ kan yọ nísàlẹ̀, aṣọ líle tó fi ń rán báàgì. Ó gé bẹ́líìtì fífẹ̀ nínú rẹ̀, ó gé ọwọ́ méjì gígùn, ó ká ẹnu ọwọ́ kọ̀ọ̀kan lé ara wọn kí èèyàn lè rí ibi dì mú. Ó fi okùn ìwọ̀n yí ọmọ rẹ̀ nídìí.

"Mí síta. Irin kì í fa ikùn mọ́ra."

"Mi ò fa ikùn."

"O fà á. Mo ti wọn ẹ kó o tó mọ ara ẹ."

Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó rán ibi tí àwọn ọwọ́ náà ti pàdé bẹ́líìtì ní àránpadà, ó rán an lọ, ó rán an bọ̀, kó má bàa tú.

"Tí wọ́n bá lé mi kúrò níbẹ̀ ńkọ́?"

"Wàá máa bọ̀ nílé." Ó yí aṣọ náà padà. "Lọ́jọ́ tí mo bí ẹ, nọ́ọ̀sì fi aṣọ bo apá yẹn kó tó gbé ẹ fún mi. Ó ní kí n má tíì wò ó. Mo ká aṣọ náà kúrò níṣojú ẹ̀."

"Kí ló wá sọ?"

"Kí ló fẹ́ sọ? Ọmọ mi ni mò ń wò."

Ó gé òwú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin náà wọ yàrá sáyẹ́ǹsì kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ó bọ́ káàdì Na lọ́rùn, ó gbé e lé orí tábìlì tíṣà. Ó mú páálí mìíràn, ó kọ Fe, àmì irin, sí i gàdàgbà.

Nígbà tó yá, àgbàlá kún. Wọ́n ti gbé pátákó jáde, ọ̀gá ilé-ìwé jókòó síwájú, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Tíṣà kí àwọn òbí. Ó ní iyọ̀ tí wọ́n ń fi sí ọbẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí. Klórínì bọ́ síwájú, ọmọkùnrin kékeré kan tí etí rẹ̀ tóbi. Ó ki ọwọ́ kan bọ àpò, ó na èkejì.

"Sódíọ̀mù!" tíṣà ké.

Ó jáde láti ẹ̀yìn. Bẹ́líìtì wà nídìí rẹ̀. Tíṣà rí Fe láyà rẹ̀, ó sì sún mọ́ ọn.

"Padà," ó wí, kò jẹ́ kí ètè rẹ̀ mì.

"Wọ́n ń wò wá, sà."

"Mo ní kó o padà."

Ó kọjú sí àwọn òbí. "Irin ni mí," ó wí, ohùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó dúró lẹ́nu géètì. "Mẹ́ta ni mò ń lò lónìí."

Ó na ọwọ́ ọ̀tún. Ó fi ìdí gbọn bẹ́líìtì, ọwọ́ aṣọ méjèèjì sì rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Klórínì wo tíṣà, ó wo ọmọbìnrin náà. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni pé tó bá rí ọwọ́, kó dì í mú. Ó dì í mú. Ọwọ́ aṣọ méjèèjì ń mì nínú afẹ́fẹ́.

Àwọn òbí na ọrùn.

Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sọ ọ́ láti ẹ̀yìn. "Ó kù."

Wọn kò gbèrò rẹ̀. Ó ti mọ́ wọn lára ni. "Ó kù! Ó kù!" Klórínì kejì, èyí tí wọ́n tọ́jú de magnẹ́síọ̀mù, sáré jáde, ó gbá ọwọ́ aṣọ kan mú.

"Ó kù!"

Klórínì méjì péré ló wà nínú ètò tíṣà. Tíṣà gbé ọwọ́ tó fi mú ṣọ́ọ̀kì sókè láti dá wọn dúró. Ó wo ọwọ́ aṣọ tó ṣòfo. Òun ló ṣe òfin náà. Ẹnu wo ló fẹ́ fi sọ níwájú gbogbo èèyàn pé ọwọ́ kan lè ṣòfo? Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọbìnrin náà wo Ọ̀gá Kíláàsì.

"Ìwọ. Máa bọ̀."

"Alumíníọ̀mù ni mí."

"Mi ò bi ẹ́. Klórínì ni ẹ́ báyìí. Tú okùn yẹn. Ki ọwọ́ kan bọ àpò."

"Ó kù! Ó kù!" Àwọn òbí ti dá sí i, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ohun tó kù. Ọ̀gá ilé-ìwé ń wo tíṣà, tíṣà ń wo ilẹ̀. Ọ̀gá Kíláàsì tú okùn ìdí rẹ̀, ó jẹ́ kó bọ́. Ó yí káàdì rẹ̀ síwájú sẹ́yìn kí àmì alumíníọ̀mù má hàn mọ́. Ó ki ọwọ́ kan bọ àpò. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ òsì ọmọbìnrin náà, ó dúró. Ọwọ́ aṣọ náà sún mọ́ ìgúnpá rẹ̀.

"Dì í mú," ọmọbìnrin náà wí. "Kì í bu ni jẹ."

Obìnrin kan láàárín àwọn òbí bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù sì gbè é. Ọ̀gá Kíláàsì ni ẹ̀rín náà bá wí lọ́tẹ̀ yìí. Ó dì í mú.

Kò sẹ́ni tó tún pariwo. Kò kù.

Tíṣà kà wọ́n. Ó lọ sí ìdí pátákó, ó kọ FeCl, ó sì fi mẹ́ta kékeré sí ìsàlẹ̀ ìparí rẹ̀.

"Orúkọ?"

"Irin Klóráìdì!" ni kíláàsì dáhùn.

"Kò tíì pé." Ó yíjú sí ọmọbìnrin náà, ó wò ó dáadáa, kò gbójú kúrò. "Irin, mélòó lò ń lò?"

"Mẹ́ta, sà."

Ó kọ orúkọ náà sílẹ̀, ó fa igi mẹ́ta, III, sáàárín irin àti klóráìdì, ó sì fi àkámọ́ yí wọn ká. Kíláàsì kà á jáde: Irin Mẹ́ta Klóráìdì. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Ìyá ọmọbìnrin náà kò pàtẹ́wọ́. Ojú rẹ̀ wà níbi tó ti rán àránpadà, ó ń wò ó bóyá á tú. Kò tú.

Nígbà tí wọ́n ń kó àga wọlé, tíṣà bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"A ò ṣe iyọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O da ètò mi rú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ta ló wá máa ṣe sódíọ̀mù lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Ẹni tó bá wù, sà. Ẹ bi í kẹ́ ẹ tó fún un."

Ó gbé àga rẹ̀ kọjá.

Àgbàlá dá. Okùn Ọ̀gá Kíláàsì wà nílẹ̀ níwájú pátákó. Nínú yàrá sáyẹ́ǹsì, káàdì Na ṣì wà lórí tábìlì, níbi tó gbé e sí láàárọ̀.