Ibi Tí Àgọ́ Bàbá Yóò Dúró Sí

Nígbà tí dókítà sọ pé afẹ́fẹ́ orí òkè Naryn kò gba ẹ̀dọ̀fóró Bàbá mọ́, a ta ilé, a ta àgùntàn, a ta ẹṣin méjèèjì, a sì sọ̀ kalẹ̀ wá sí Bishkek, olú ìlú wa, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Asylkan, kí a lè wá ilé rà kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Dókítà fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní tí a bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó lè lo ọdún kan sí i. N kò sọ fún Bàbá.

Èmi ni wọ́n fi yíyan ilé lé lọ́wọ́, nítorí pé ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì, àti nítorí pé n kò lè rí okùn tó ta kókó kí n má jókòó tú u. Mo ya àtẹ sínú ìwé kan. Ohun mẹ́sàn-án ni mo kọ sí i: bí ilé ṣe jìnnà sí ilé ìwòsàn, bóyá Bàbá yóò gun àtẹ̀gùn, bí páìpù tó ń mú yàrá gbóná ṣe lágbára tó, bí èéfín èédú àdúgbò ṣe pọ̀ tó, ibi tí fèrèsé kọjú sí, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ilé ìwòsàn ló wúwo jù.

Asylkan wo ìwé náà, ó yínmú. "Ilgiz, ṣé ilé lo fẹ́ rà ni àbí o fẹ́ fún un ní ìdánwò? Lọ́jọ́ tó o bá ń wá ìyàwó, jọ̀ọ́, má mú ìwé yìí dé ọ̀dọ̀ bàbá ọmọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Èyí tó bá gba máàkì jù la máa rà."

Bàbá kò dá sí i. Àmọ́ ní gbogbo ilé tí a lọ wò, kì í kọ́kọ́ wọlé. Yóò dúró ní àgbàlá, yóò ti fìlà rẹ̀ sẹ́yìn, yóò sì máa fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀: ìṣísẹ̀ méje síbí, méje sọ́hùn-ún. Mo rò pé ó ń dán èémí rẹ̀ wò ni. Inú mi dùn sí i.

Ilé kẹrin ló gba máàkì jù. Ilé tuntun alájà mẹ́wàá ni, ó ní lífìtì, ilé ìwòsàn sì wà ní òdìkejì títì gan-an. Obìnrin alágbàtà tó mú wa lọ ti ń mú kọ́kọ́rọ́ jáde nígbà tí Bàbá dúró níwájú ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè.

"Ọmọ mi," ó ní, "tí ẹnì kan bá kú nínú ilé yìí, ibo ni wọ́n ń pàgọ́ rẹ̀ sí?"

"Àgọ́ kẹ̀? Kò sáyè àgọ́ níbí, Bàbá. Kọnkéré lẹ dúró lé yẹn, ọkọ̀ ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Wọ́n ti ṣòfin ẹ̀. Ẹni tó bá kú, kí wọ́n gbé e lọ sílé mọ̀lẹ́bí tàbí kí wọ́n háyà gbọ̀ngàn."

"Gbọ̀ngàn," ni Bàbá wí, bí ẹni tó bu oúnjẹ tí kò níyọ̀ jẹ.

Alágbàtà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ara yín ṣì le. Ẹ ṣì máa pẹ́ láyé."

"Kì í ṣe bí mo ṣe máa pẹ́ tó ni mo bèèrè."

Ojú tì mí débi pé n kò wo yàrá náà dáadáa. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni ìyá wa kú. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, alẹ́ méjì ni òkú rẹ̀ fi wà nínú àgọ́ onírun àgùntàn nínú ọgbà wa ní Naryn, àwọn obìnrin jókòó tì í, wọ́n ń sunkún rẹ̀ bí orin. Èmi àti Bàbá dúró níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà àgọ́, a fara ti ọ̀pá, a ń ké, kí àwọn tó ń bọ̀ lè ti ọ̀nà jíjìn gbọ́ wa. Mo mọ gbogbo èyí. N kò kàn kọ ọ́ sínú ìwé ni.

Nínú ọkọ̀ Asylkan, n kò lè pa á mọ́ra. "Bàbá, ilé tẹ́ ẹ máa gbé ni mò ń wá. Ẹ̀yin ń wá ilé tẹ́ ẹ máa kú sí."

"Ilé kan náà ni." Ó sinmi kí èémí rẹ̀ lè balẹ̀. "Ohun mẹ́sàn-án ló wà nínú ìwé ẹ, gbogbo wọn ló ń sọ bí mi ò ṣe ní kú. Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò ní kú? Kì í ṣe dókítà. Ó ti sọ fún èmi náà."

Asylkan tan ohun tó ń nu gíláàsì ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀.

Nígbà tí a délé, mo fi ìlà kẹwàá kún àtẹ náà: àgọ́. Tí mo bá fún un ní ìwọ̀n kékeré, ilé alájà mẹ́wàá ló ń borí. Tí mo bá fi kún un, ilé kejì tí a wò yóò yọrí. Mo yí iye náà padà títí tí bébà fi fẹ́ ya. Ohun tí mo ń bi ara mi ni pé oṣù mélòó nínú èémí Bàbá ni ó tọ́ kí a fi ra ìdágbére tó bójú mu. Kò sí bí mo ṣe lè ṣírò ìyẹn, nítorí pé èémí náà kì í ṣe tèmi. Mo gbé ìwé náà fún un. Kò kọ nǹkan kan sí i. Ó fi ìka tẹ ilé kejì.

Lọ́jọ́ kejì a padà lọ síbẹ̀. Ilé àtijọ́ alájà mẹ́rin ni, tí wọ́n kọ́ nígbà ìjọba àwọn ará Rọ́ṣíà. Yàrá tí wọ́n ń tà wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, páìpù rẹ̀ ti gbó, ilé ìwòsàn sì jìnnà tó ogójì ìṣẹ́jú. Àmọ́ àgbàlá rẹ̀ jẹ́ erùpẹ̀ gidi, ó tẹ́jú, ó sì fẹ̀. Ìyá Sayrakan, tó jẹ́ olórí àwọn olùgbé ibẹ̀, ló wá ṣílẹ̀kùn fún wa. Bàbá bi í ní ìbéèrè rẹ̀.

"Ta ló fẹ́ kú?" ni ìyá náà bèèrè.

"Èmi ni."

Ó wò ó láti òkè délẹ̀. "Ó dáa. Tẹ́ ẹ bá lè mú un mọ́ra, ẹ má jẹ́ kó bọ́ sí oṣù kìíní. Òtútù máa ń sọ ilẹ̀ ibí di irin nígbà yẹn, àwọn tó ń gbẹ́ sàréè á sì máa ṣépè fún yín."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn. "Màá gbìyànjú," ó ní.

Ìyá Sayrakan mú un yí àgbàlá náà ká. Ó fi ibi tí wọ́n ń gbé ìkòkò ẹran kaná hàn án, ó fi fèrèsé tí wọ́n ti ń fa wáyà iná hàn án, ó ní àwọn tó ní ọkọ̀ kì í dúró kí wọ́n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ wọn kúrò.

"Bàbá," mo ní, "tí èémí bá há yín, ogójì ìṣẹ́jú ni o."

"Mo mọ̀. A jọ máa wà nínú ọkọ̀ ni." Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ilẹ̀. "Ẹnu ọ̀nà àgọ́ á wà níbẹ̀ yẹn. Lọ dúró sí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀, kí n wò ó."

Asylkan yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo lọ. Bàbá ti fún mi ní ọ̀pá rẹ̀, òun fi ọwọ́ di èjìká Asylkan mú. Mo fara ti ọ̀pá náà, mo dorí kodò. N kò ké.

Ọkùnrin kan tó gbé ike ìdọ̀tí dání jáde láti inú ilé. Ó rí mi, ó dúró, ó bọ́ fìlà. "Ọmọ ìyá mi, ẹ kú ará-fẹ́ra-kù. Ta ló ṣaláìsí?"

"Kò sẹ́ni tó kú," mo ní. "Ilé la wá rà."

Ó wo Bàbá, ó wo ibi tí mo dúró sí, ó sì gbé ike rẹ̀ kalẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sọ fún mi pé àjà kejì lòun ń gbé, kí n wá kanlẹ̀kùn òun tí ọjọ́ náà bá dé.