Àlàfo Inú Orin Atukọ̀

“Ẹ gé e dànù,” ni adarí orin wí, ó sì fi kálàmù fa ìlà gbọọrọ la ojú ìwé mẹ́ta já. “Orin yẹn dùn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó jókòó sójú kan. Ọkọ̀ tí kò kúrò ní èbúté, ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́?”

Àwọn akọrin tó wà lórí ìtàgé gbọ̀ngàn eré ń wo bàtà ẹsẹ̀ wọn. Ọ̀la ni wọ́n máa ṣe eré olórin náà fún gbogbo ayé, oṣù mẹ́jọ gbáko ni Elétí sì fi kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo ohun tí akọrin máa fi ẹnu kọ àti gbogbo ohun tí dùùrù àti fèrè máa fọ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Elétí nítorí pé bí ohùn ẹnì kan bá fi bíńtín yẹ̀ láàárín ogún èèyàn, yóò na ìka sí olúwarẹ̀. Nínú gbogbo orin inú eré náà, orin atukọ̀ yìí ló fẹ́ràn jù.

Kò kọ ọ́ lójú oorun. Ó ti ka ìwé orin àwọn tó ṣáájú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ síbi tí wọ́n ti ń fi orin ṣe eré tí orin ọkọ̀ kì í sí. Dùùrù a máa mì jẹ̀lẹ́jẹ̀lẹ́ bí omi, ọ̀kan-èjì-ẹ̀ta, ọ̀kan-èjì-ẹ̀ta; òṣùpá a yọ; olólùfẹ́ méjì a fara ti ara wọn, atukọ̀ a sì máa kọrin lẹ́yìn wọn bí ẹni tí kò níṣẹ́ méjì láyé. Bí tirẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn. Dùùrù rẹ̀ kò tilẹ̀ sinmi rárá. Kí ló wá kù?

“Ọ̀gá, ẹ fún mi láyè di ìrọ̀lẹ́,” ló wí níkẹyìn.

“Aago márùn-ún. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ó di gígé.”

Ó ti yẹ kó sọdá odò lọ́jọ́ náà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, ń gbé ní òdìkejì, òun ló sì rán gbogbo aṣọ eré náà. Ẹ̀wù atukọ̀ nìkan ló kù. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni ẹ̀gbọ́n yìí nígbà tí ìyá wọn kú. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló jókòó sí láti ọjọ́ náà títí àbúrò rẹ̀ fi jáde nílé-ìwé orin.

“Wọ́n fẹ́ gé orin ọkọ̀ mi,” ni Elétí wí nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó tó jókòó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi eyín já òwú. “Ìwọ, o ti tukọ̀ rí?”

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́.”

“Mo kàn bi ọ́ ni. Ẹni tí kò di àjẹ̀ mú rí, tó ń kọ́ atukọ̀ lórin! Ó jọ ẹni tó ń kọ́ ẹja ní odò wíwẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín, ó di ẹ̀wù náà sínú ọ̀rá, ó sì wé gèlè mọ́rí. “Ó yá, mo ń bá ọ lọ. Mo fẹ́ rí i lára ẹni tó máa wọ̀ ọ́.”

Nígbà tó máa fi di aago mẹ́ta, wọ́n ti wà nínú ọkọ̀. Èrò mọ́kànlá ni wọ́n, pẹ̀lú Bàbá Ọlọ́kọ̀ ní ìdí ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Òjò ti rọ̀ lápá òkè, odò ti kún, ó sì pọ́n bí amọ̀. Elétí tẹ́ ìwé orin rẹ̀ sórí itan, ó ń wò ó, kò gbójú sókè.

Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Àárín odò gan-an ni wọ́n wà nígbà tí ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tó sì dákẹ́. Bàbá Ọlọ́kọ̀ fa okùn rẹ̀, ó tún un fà, ó fà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ìṣàn omi ti ń gbé wọn lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn òpó afárá tó wó láyé ọjọ́sí ti dúró gbagidi, tí omi ń hó yẹ́ẹ́ nídìí wọn. Ọkọ̀ tó bá forí sọ òpó yẹn, igi ìdáná ló máa dà.

“Abẹ́ àga yín!” ni bàbá ké. “Àjẹ̀ mẹ́fà wà níbẹ̀. Ẹ kọjú síwájú, kí ẹ máa wa omi!”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú ọ̀kan, ó ti òmíràn lé Elétí lọ́wọ́. Ìwé orin já bọ́ sínú omi ẹsẹ̀ ọkọ̀. Oníkálukú ń wa omi bó ṣe wù ú. Àjẹ̀ ń gbá àjẹ̀, ọkọ̀ ń pòòyì. Obìnrin kan bú sádùúrà, ọkùnrin kan ń ṣépè fún ẹ́ńjìnnì. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: Elétí rí i pé àwọn òpó náà ń tóbi sí i.

Ìgbà náà ni ohùn dún lẹ́yìn wọn. Kì í ṣe ohùn tó dùn. Ó ha bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

*Omi ò lẹ́sẹ̀, omi ń lọ!*

Bàbá Ọlọ́kọ̀ sì dákẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe.

“Ẹ dá mi lóhùn! *A ń bọ̀, ẹ dúró dè wá!* Bí ẹ bá ti ń sọ ọ́, kí ẹ máa fà á!”

*Odò ò lọ́wọ́, odò ń fà!*

*A ń bọ̀, ẹ dúró dè wá!*

Lákọ̀ọ́kọ́, ohùn wọn ń gbọ̀n. Lẹ́ẹ̀kejì, àjẹ̀ mẹ́rin wọ omi pa pọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni, ọkọ̀ sì yí orí padà sí èbúté bí ẹṣin tí wọ́n fa ìjánu rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba Elétí, síbẹ̀ etí rẹ̀ kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àlàfo kan wà láàárín orin náà. Bí wọ́n bá ti dáhùn tán, bàbá kì í tètè gbà á. Á dákẹ́ díẹ̀, ju bí Elétí ṣe lè láyà láti kọ ọ́ sínú ìwé lọ, kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀kan nínú àwọn àlàfo náà ni bàbá ti sọ̀rọ̀.

“Aránṣọ! Ohùn rẹ ti lọ sílẹ̀. Gbé àjẹ̀ fún ẹni ẹ̀yìn rẹ!”

“Mo ṣì lágbára!” ni ẹ̀gbọ́n Elétí wí.

“Mo ní gbé e!”

Ó gbé e. Bó ṣe gbé e tán ni apá rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ewé, kò sì lè gbé wọn kúrò lórí itan mọ́. Ọkùnrin tó ń ṣépè ló gba àjẹ̀ náà, ó sì gba orin náà mọ́ ọn.

Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ òpó àkọ́kọ́ kọjá. Èèyàn ì bá na ọwọ́ kó kan òkúta rẹ̀. Lẹ́yìn náà, omi rọlẹ̀, imú ọkọ̀ sì wọ inú ẹrẹ̀ gbùúù, jìnnà réré sí èbúté.

Ẹ̀rín bẹ́. Obìnrin aládùúrà ń dì mọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Alépè náà dùbúlẹ̀ gbalaja lórí koríko, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Elétí dìde, ó fa ọ̀rá ẹ̀wù yọ ní abẹ́ ìdí rẹ̀. “Mo jókòó lé e,” ló wí. “N ò lè rán òmíràn.”

Elétí bá Bàbá Ọlọ́kọ̀ níbi tó ti ń fún omi ara ẹ̀wù rẹ̀.

“Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ fi ń dákẹ́ láàárín orin?”

“Kí n lè gbọ́ yín ni.” Ó wò ó bí ẹni tó bi í pé kí ló dé téèyàn fi ń mí. “Gbogbo yín lẹ kẹ́yìn sí mi. N ò rójú ẹnì kankan. Ta ló ń mí hẹlẹhẹlẹ, ta ni ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ kú, ohùn ló ń sọ fún mi. Bí mo bá wá ń kọrin láìsinmi, ta ni n ó máa gbọ́ bí kò ṣe ara mi?” Ó rẹ́rìn-ín. “Orin yẹn ò dùn, mo mọ̀. A ò kọ ọ́ torí kó dùn.”

Aago márùn-ún ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò wọ gbọ̀ngàn, ẹrẹ̀ dé orúnkún.

“Àsìkò ti—” Adarí orin rí ẹsẹ̀ wọn. “Kí ló ṣe yín?”

“Odò ni, Ọ̀gá. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré.”

Elétí gba ìwé lọ́wọ́ onídùùrù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà pa á, níhìn-ín, lọ́hùn-ún, níbi mẹ́jọ. Kò fi nǹkan kan kún un. Ìdajì ọ̀rọ̀ atukọ̀ ló gbà lẹ́nu rẹ̀, ó pín in fún àwọn akọrin, ó sì ní kí gbogbo wọn kẹ́yìn sí atukọ̀. Géńdé tó ń ṣe atukọ̀ ti wọ ẹ̀wù rẹ̀. Ó wo ìwé náà, ó họrí.

“Ibi tó ṣófo yìí ńkọ́? Kí ni kí n máa ṣe níbẹ̀?”

“Máa gbọ́ wọn.”

Nígbà tí wọ́n dé àlàfo àkọ́kọ́, onídùùrù gbé ọwọ́ sókè, gbọ̀ngàn sì dákẹ́. Àwọn akọrin ò rójú atukọ̀, atukọ̀ ò rójú wọn. Lẹ́yìn náà ni ìdáhùn dé, kò le, ó ń wá ọ̀nà. Atukọ̀ dẹtí. Ó tún pè wọ́n, ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀: ó ń bi wọ́n ní nǹkan. Nígbà tí wọ́n fi dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kẹrin, èjìká gbogbo wọn ti ń lọ síwájú pa pọ̀ láìsí ẹni tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, adarí orin sì ti gbàgbé láti gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè.

Wọ́n parí rẹ̀. 

“Ẹ bá mi wá ìwé mìíràn,” ni adarí orin wí. “Mo ti ba tèmi jẹ́.”

Elétí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà.

Nígbà tó jáde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, ó ń fi igi ha ẹrẹ̀ ara bàtà.

“Ẹ̀wù yẹn bá a mu, Àǹtí.”

“Ṣé ó yẹ kó má bá a mu ni?”

“Ṣé ara yín ti balẹ̀?”

“Ara mi le. Kò sóhun tó ṣe mí.”

Ohùn rẹ̀ rì ní ìparí ọ̀rọ̀ yẹn. Kì í ṣe àárẹ̀ odò. Elétí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé bó ṣe ń rì nìyẹn láti bí ọdún kan, ní gbogbo ìgbà tí òun bá sọdá. Òun kì í sì í jẹ́ kó balẹ̀ tán kó tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kó máa ròyìn akọrin tí kò gbọ́ràn àti dùùrù tí kò bára mu. Lónìí, ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu Elétí ju ti ìgbàkigbà lọ. Ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó pa ẹnu mọ́.

Ẹnì kan gun kẹ̀kẹ́ kọjá. Wọ́n tan iná kan ní òdìkejì òpópó, lẹ́yìn náà òmíràn. Ó ń ṣe é bíi kó sọ nǹkan. Kò sọ ọ́.

“Ojú mi ni,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó sì ń wo bàtà náà. “Ó ń ṣú. Ẹ̀wù tí o rí yẹn, ọwọ́ ni mo fi tọ ojú ìrán rẹ̀. N ò tíì sọ fún ẹnì kankan.”

Ó mí kanlẹ̀. Ó ju igi náà nù, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí àtẹ̀gùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.