Oògùn Ọ̀kẹ́rẹ́

Ọ̀kẹ́rẹ́ kọ́ lorúkọ tí wọ́n sọ ọmọbìnrin náà. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ ló fi ń pè é, gbogbo àdúgbò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, nítorí ọmọ náà kì í rìn, sísá ló máa ń sá. Kì í jókòó, ó kàn máa ń fi ìdí kan àga ni. Ọmọ ọdún méje ni. Bí ẹ bá ní kó lọ mú sísọ́ọ̀sì wá nínú yàrá, yóò dé yàrá, yóò rí bọ́tìnnì, yóò fi bọ́tìnnì ṣeré títí yóò fi gbọ́ ohùn ẹyẹ, yóò sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ wo ẹyẹ. Sísọ́ọ̀sì á wà níbi tó wà. Ẹni tó rán an níṣẹ́ á pè é títí ohùn á fi há.

Àwọn kan ní ọmọ náà ti bàjẹ́. Kí ló kan télọ̀? Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ó fẹ́ràn ọmọ yìí ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ. Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nísàlẹ̀ ilé tí wọ́n ń gbé, Ọ̀kẹ́rẹ́ ti sọ abẹ́ tábìlì ìgéṣọ di ààfin. Níbẹ̀ ló ti máa ń fi àjákù aṣọ ṣe adé, tí á máa kọ orin tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kò lópin, tí á máa béèrè ìdí tí òjìji kò fi ní ojú. Bó bá bú sẹ́rìn-ín, oníbàárà tó fìbínú wọlé á gbàgbé ohun tó bá wá. Ẹ̀rín yìí gan-an ni télọ̀ ń ṣọ́.

Dókítà àwọn ọmọdé, obìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ti yẹ ọmọ náà wò. Ó ní kì í ṣe oríkunkun, kì í sì í ṣe pé wọn ò tọ́ ọ dáadáa. Ọpọlọ rẹ̀ ni kì í lè gbájú mọ́ ohun kan, tí kì í sì í lè dá ara rẹ̀ dúró. Wọ́n ti ṣe gbogbo ohun tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Olùkọ́ mú ọmọ wá sí ìjókòó iwájú. Nílé, wọ́n kọ́ láti máa rán an níṣẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa yìn ín bó bá parí rẹ̀. Ó ṣèrànwọ́ díẹ̀, àmọ́ díẹ̀ náà ni. Ìgbà yẹn ni dókítà ní wọ́n lè fi oògùn kún un. Wọ́n ra oògùn náà, télọ̀ gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, kò sì wo apá ibẹ̀ mọ́.

"Mo gbọ́ pé oògùn yẹn a máa sọ ọmọ di ère," ló máa ń wí. "Á jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò wà nínú ẹni tó jókòó?"

Ìyàwó rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ń fọ̀rọ̀ ṣòfò. Awakọ̀ ni, bọ́ọ̀sì ńlá tí ń kó èrò káàkiri ìlú ló ń wà, òpópónà iwájú ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ sì wà lára ọ̀nà tó ń gbà. Ó fẹ́ kí ọmọ lo oògùn, ọkọ ò fẹ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, télọ̀ ń lọ aṣọ, Ọ̀kẹ́rẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ gbé bébà kan tí bàbá rẹ̀ fi ń gé àwòṣe aṣọ jáde, ó ń fò lọ sójú títì. Ọmọ sá tẹ̀ lé e. Télọ̀ kígbe, "Ọ̀kẹ́rẹ́! Dúró!" Ọmọ náà kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Bíréèkì ké. Bọ́ọ̀sì kan dúró gbọnyin-gbọnyin, ó ku díẹ̀ báyìí kó kan án, àwọn èrò inú rẹ̀ sì wó lu ara wọn. Ọ̀kẹ́rẹ́ gbójú sókè, ó rí awakọ̀, ó sì juwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀. Ìyá rẹ̀ ni.

Obìnrin náà bọ́ sílẹ̀, ó fa ọmọ lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù. Orí òkìtì aṣọ tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ló jókòó lé. Kò pariwo.

"Bàbá Ọ̀kẹ́rẹ́," ó ní, "bọ́ọ̀sì mi ní bíréèkì. Ọmọ yín ò ní."

Ó padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀, torí èrò ń dúró. Télọ̀ fa ọmọ mọ́ra, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lọ́wọ́ bíréèkì, lọ́wọ́ ẹni tó ṣe bíréèkì. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé nírọ̀lẹ́, télọ̀ ní òun ti gbà, kí wọ́n fún ọmọ lóògùn. Àmọ́ ohun kan wà tí kò sọ.

Ẹ mọ télọ̀ tó mọṣẹ́: bí aṣọ oníbàárà bá jẹ́ gidi, kì í fi sísọ́ọ̀sì kàn án láìkọ́kọ́ gé irú rẹ̀ lára àkísà wò. Bó bá máa bàjẹ́, kó bàjẹ́ lára àkísà. Ọgbọ́n yìí ló ti fi ń jẹun láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, kò sì já a kulẹ̀ rí. Nítorí náà, nígbà tí ìyàwó lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí ọmọ lọ síléèwé, ọkùnrin yìí gbé oògùn ọmọ sọ̀ kalẹ̀. Ó mú hóró kan, ó wò ó, ó gbàdúrà, ó gbé e mì. Ó fi ara rẹ̀ ṣe àkísà.

Ó wá jókòó, ó ń retí ìgbà tí òun máa di ère. Ó wo dígí, ojú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà wọ́. Ta ni ẹ̀rín rẹ̀ ò ní wọ́, bó bá ń rẹ́rìn-ín fún dígí? Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń rán kóòtù ọ̀gá báńkì kan, kò gbórí sókè, kò rántí oúnjẹ ọ̀sán. Ìgbà tó máa fi gbé kóòtù náà sókè wò, apá òsì ló rán sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ó sáré pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, ẹni tó ń sinmi lọ́wọ́ ní ibùdókọ̀.

"Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́, a ò ní fún un mọ́ o! Mo ti tọ́ ọ wò. Àyà mi ń já, orí mi ti dàrú, mo sì ti ba kóòtù olóhun jẹ́."

"Ẹ ti tọ́ kí ni wò?"

"Oògùn náà."

"Oògùn ọmọ ọdún méje?"

"Ṣé ká kàn gé e lára ọmọ láìdán an wò ni?"

Ìyàwó rẹ̀ ò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni àbí kí òun sunkún. Ó ní kó má kúrò lórí ìjókòó, kó má sì fọwọ́ kan aṣọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó wá mú un, ọ̀dọ̀ dókítà ló gbà lọ tààrà.

Dókítà wọn ìfúnpá rẹ̀, ó gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù, ó ní ó dáa, orí kó o yọ. Ẹ̀rù ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ló bá a wí, kò sì fi ṣeré rárá.

"Ẹ ṣeun tí ẹ fẹ́ràn ọmọ yín tó báyìí, sà, ṣùgbọ́n ẹ má tún dán irú rẹ̀ wò láyé. Oògùn tí wọ́n kọ fún ẹnì kan kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Ká ní àìsàn ọkàn wà lára yín tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

Télọ̀ doríkodò bí ọmọ iléèwé.

"Ẹ jẹ́ n bi yín," dókítà ní. "Bí ẹ bá rán kaba fún ọmọ yín, ara ta lẹ ti ń wọ̀ ọ́ wò?"

"Ara ọmọ náà ni."

"Ẹ̀yin ò ní gbé e wọ̀?"

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èrò yẹn sí i lórí," ìyàwó rẹ̀ ní. "Á gbé e wọ̀."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú sẹ́rìn-ín. Dókítà wá ṣàlàyé pé ìwọ̀n tó kéré jù lọ ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, pé òun á máa wọn ìwúwo ọmọ, òun á sì máa gbọ́ àyà rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ mọ ẹ̀rín rẹ̀ jù mí lọ," ó ní. "Bó bá yí padà, ẹ pè mí. A lè dín oògùn kù, a lè pààrọ̀ rẹ̀, a sì lè dá a dúró."

Ara tu télọ̀. Ohun tó ti ń bà á lẹ́rù láti ọjọ́ yìí ni pé bí sísọ́ọ̀sì bá ti kan aṣọ, ó parí. Àṣé wíwọ̀-wò ni wọ́n ń pè é sí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì ni.

Kò rọrùn lójú ẹsẹ̀ o, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Ìwọ̀n àkọ́kọ́ ò ṣe nǹkan kan, dókítà fi díẹ̀ kún un. Ọmọ wá ń kọ oúnjẹ ọ̀sán, ó sì jókòó sábẹ́ tábìlì lọ́jọ́ kan láìkọrin. Télọ̀ ò jẹ́ kílẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kó tó pe dókítà. Dókítà ò sọ pé ó ń yọ òun lẹ́nu. Ńṣe ló dúpẹ́ pé ó tètè rí i, ó sì yí oògùn náà padà sí irú mìíràn. Orin padà. Oúnjẹ náà padà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni, nítorí náà télọ̀ rán kóòtù funfun tuntun fún dókítà. Ìyàwó rẹ̀ yẹ apá kóòtù náà méjèèjì wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé e lọ fún un.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Ọ̀kẹ́rẹ́ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ ń dún, ọkọ̀ ń kọjá, rédíò aládùúgbò ń pariwo. Télọ̀ pe ọmọ rẹ̀. Ó ti mí kanlẹ̀ láti tún un pè, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe.

"Sà?"

Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ọmọ ti dúró níwájú rẹ̀. "Ẹ pè mí, sà."

"O gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

"Tẹ́lẹ̀ ńkọ́, tí mo máa ń pè ọ́ títí?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ rò ó wò. "Tẹ́lẹ̀, gbogbo nǹkan ló máa ń pè mí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin, ẹ̀rọ, ẹyẹ, bébà. Mi ò mọ èwo ni kí n dá lóhùn."

Omi lé ròrò sójú télọ̀. Ó rántí títì, ó rántí igbe tó ké. Ọmọ yìí ò kọ etí ikún sí òun rí láyé rẹ̀. Ọpẹ́ kún un lẹ́nu.

"Kí lẹ wá pè mí fún?"

Ó ti gbàgbé. Ó ní òun ti gbàgbé. Ọ̀kẹ́rẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi dikùn mú, nǹkan kan ò dín nínú ẹ̀rín náà.

"Ẹ tún mi pè," ó ní, ó sì ti sá gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ.

Télọ̀ pè é, ó dáhùn. Ó tún un pè, ó tún dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé tó bá ọkọ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, tó ń pe ọmọ láìní iṣẹ́ kankan tó fẹ́ rán an, omi ń dà lójú rẹ̀.